Bí ẹ ṣe lè tọpa ìgbé ayé àti ẹbí àgbà atẹ̀dó kan ní Midwest Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ mọ ìtàn ọkùnrin tàbí obìnrin kan tó wá tẹ̀dó sí Ohio, Indiana, Illinois, Iowa, Wisconsin tàbí Kansas láàrin 1830 sí 1890 ló máa ń sáré lọ wá ọkọ̀ ojú omi tó gbé onítọ̀hún wá. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ìwé èrò ọkọ̀ ayé ìgbà náà kì í sábà ju orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti orílẹ̀-èdè lọ. Kì í dárúkọ òbí, ènìyàn mẹ́wàá sì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn atẹ̀dó yìí kò tiẹ̀ wọkọ̀ òkun rí. Kentucky, Pennsylvania, New York tàbí Virginia ni wọ́n bí wọn sí, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù tàbí ẹṣin ń fà ni wọ́n bá dé.

Ìgbà ogbó wọn ni ìwé pọ̀ sí. Nígbà náà ni wọ́n ń tọrọ owó ìfẹ̀yìntì ogun, tí wọ́n ń pín ilẹ̀ fún ọmọ, tí ìwé ìròyìn ìlú ń kà wọ́n mọ́ àwọn tó kọ́kọ́ dé, tí kóòtù sì ń pe ajogún jọ lẹ́yìn ikú wọn. Nítorí náà ọjọ́ ikú ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká máa fẹ̀yìn rìn lọ sí ọjọ́ ìbí. Ọ̀nà yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, fún òbí ní Chicago tàbí Minneapolis tí ọmọ rẹ̀ gbé iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ìtàn àdúgbò wálé, àti fún ẹnikẹ́ni tó ra ilẹ̀ oko àtijọ́ tó fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ro ó.

Ibojì àti ìkéde ikú

Ẹ wá orúkọ náà lórí Find a Grave àti BillionGraves, ìkànnì méjì tí wọ́n ń kó fọ́tò ibojì sí; ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Fọ́tò òkúta ni kí ẹ gbàgbọ́, kì í ṣe ìtàn tí ẹnìkan tẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀; ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ òkúta ayé àtijọ́ kì í kọ ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú àti iye ọjọ́ orí ni wọ́n ń kọ. Tí òkúta bá ní ẹni náà kú ní 14 Oṣù Kẹta 1891, ọmọ ọdún 72, oṣù 3, ọjọ́ 11, ẹ yọ ọdún kúrò lára ọdún, oṣù kúrò lára oṣù, ọjọ́ kúrò lára ọjọ́. Ẹ ó bá a ní 3 Oṣù Kejìlá 1818. Tí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ yọ bá pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ, ẹ yá oṣù kan, ẹ kà á sí ọgbọ̀n ọjọ́. Àbájáde lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì yẹ̀, torí náà ẹ kọ "bíi" síwájú rẹ̀.

Bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ fúnra yín, ẹ mú dígí ńlá kan dání. Ẹ fi í darí ìtànṣán oòrùn láti ẹ̀gbẹ́ sí ojú òkúta. Òjìji á wọ inú lẹ́tà tó ti ń parẹ́, ẹ ó sì lè kà á. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì, ìyẹ̀fun tàbí fóòmù ìfárùngbọ̀n kùn ún, ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Òkúta mábù ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tí ẹ bá kùn sí i á wọ inú rẹ̀, á máa bà á jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbogbo òkúta tó yí i ká, pàápàá àwọn kéékèèké tí kò ju orúkọ àkọ́kọ́ lọ: àwọn ọmọ tó kú ní kékeré nìyẹn, wọn kì í sábà sí nínú ìwé mìíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alábòójútó itẹ́ òkú ẹni tó ra ilẹ̀ ibojì náà. Ó lè jẹ́ ọkọ ọmọbìnrin wọn, orúkọ rẹ̀ yóò sì ṣílẹ̀kùn ìdílé mìíràn fún yín.

Ìkéde ikú nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti county (ìpín ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀) ni ó kàn. Chronicling America, ìkànnì ìwé ìròyìn àtijọ́ tí Library of Congress ń bójú tó, kò gba owó. Ẹ má dúró lórí ọ̀sẹ̀ ikú nìkan; ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e, torí ibẹ̀ ni ìdílé ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, tí wọ́n sì ń sọ ẹni tó ti òkèèrè wá sìnkú. Ẹ wo ìwé ìròyìn ìlú tí àwọn ọmọ ń gbé pẹ̀lú. Ohun méjì ló máa ń ṣini lọ́nà níbí. Àkọ́kọ́, orúkọ ọkọ ni wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin, bíi "Mrs. John Miller", tí ẹ kò ní rí orúkọ tirẹ̀ gan-an. Èkejì, ọmọ tó ti kú ṣáájú òbí kì í sábà sí nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ bí ọmọ méje sílẹ̀.

Ìwé ikú ti ìjọba kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà káàkiri. Michigan bẹ̀rẹ̀ ní 1867, Iowa ní 1880, Wisconsin ní 1907, Ohio ní 1908, Missouri ní 1910, Kansas ní 1911, Illinois ní 1916. Ṣáájú ìgbà náà, ọ́fíìsì county ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ẹ sì rántí pé orúkọ òbí tó wà nínú ìwé ikú, ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ lè máà mọ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀.

Ìwé ìkànìyàn

Ìjọba àpapọ̀ ń ka ènìyàn ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá láti 1790. Títí dé 1840, olórí ilé nìkan ni wọ́n dárúkọ. Àwọn yòókù di iye lásán lábẹ́ ọjọ́ orí. Láti 1850 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ibi tí wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí ẹnìkan jẹ́ sí ẹnìkejì. Obìnrin tó tẹ̀lé baálé nínú ìwé 1850, 1860 tàbí 1870 lè jẹ́ ìyàwó, ó lè jẹ́ àbúrò, ó sì lè jẹ́ ìyàwó kejì tí kì í ṣe ìyá àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé e. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn ìdílé ti wọ́. Wọ́n á rí ìyàwó ọmọ ọdún 29 àti ọmọkùnrin ọdún 15, wọ́n á sì kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ ni.

1880 ni ìwé kọ́kọ́ sọ ìbátan, ó sì fi ìpínlẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè ìbí baba àti ti ìyá kún un. Fún àgbàlagbà, ọdún yìí àti 1900 ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sùúrù kà jù, torí ní ìgbà yẹn ó ti kúrò ní olórí ilé, ó ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Ẹ má wá a lábẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀ nìkan. Bí ìyá arúgbó kan bá wà nínú ilé tí wọ́n kọ ọ́ pé ìyá ìyàwó baálé ni, orúkọ ìdílé arúgbó náà ni orúkọ tí ìyàwó ilé náà ń jẹ́ kó tó lọ́kọ, àyàfi tí arúgbó bá ti fẹ́ ọkọ mìíràn. Gbólóhùn kan yìí ti so ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó "sọnù" padà mọ́ ilé baba wọn.

Ìwé 1900 ló kọ oṣù àti ọdún ìbí, iye ọdún tí tọkọtaya ti fẹ́ra, iye ọmọ tí obìnrin bí àti iye tó ṣì wà láàyè. 1910 tún béèrè nípa ọmọ, ó sì fi M1 tàbí M2 hàn bóyá ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ni tàbí èkejì. Ẹ lo iye yẹn bí ẹni ń yẹ owó wò. Tí ìyá bá bí mẹ́sàn-án, tí mẹ́fà wà láàyè, tí ẹ̀yin sì mọ márùn-ún, ẹnìkan ṣì wà níta. Tí wọ́n bá ti fẹ́ra fún ọdún 22, tí ọmọ wọn àgbà sì jẹ́ ọmọ 27, ẹ wá ìgbéyàwó tó ṣáájú.

Iná jó ìwé 1890 ní ilé Commerce Department ní Washington ní 10 Oṣù Kìíní 1921, wọ́n sì wá kó èyí tó kù dànù lẹ́yìn náà. Àlàfo ogún ọdún nìyẹn, àárín ogbó ọ̀pọ̀ atẹ̀dó ló sì bọ́ sí. Ìwé ìkànìyàn ti ìpínlẹ̀ la fi ń dí i: Kansas àti Iowa ní 1885 àti 1895, Minnesota àti Wisconsin bákan náà, Nebraska ní 1885. Ti Kansas béèrè ibi tí ènìyàn ti ṣí wá sí Kansas gan-an, èyí tó yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n bí i. Ẹni tí wọ́n bí ní Ohio lè ti lo ogún ọdún ní Illinois kó tó dé. Iowa 1925 lọ́ba wọn: ó kọ orúkọ baba àti orúkọ ìyá pẹ̀lú orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó lọ́kọ. Àkójọ pàtàkì ti àwọn tó ja Ogun Abẹ́lé àti opó wọn ní 1890 náà kò jóná tán, ṣùgbọ́n láti Kentucky lọ sísàlẹ̀ nínú ètò A-B-D ni ó ṣẹ́kù. Ohio, Wisconsin, Minnesota, Michigan àti Nebraska wà níbẹ̀. Illinois, Indiana, Iowa àti Kansas kò sí.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ orí tó ń yí padà já yín láyà. Ẹni tó jẹ́ 58 ní 1870 lè di 71 ní 1880. Aládùúgbò ló lè ti dáhùn nígbà tí wọn ò bá a nílé, bẹ́ẹ̀ àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin máa ń fẹ́ kí ọjọ́ orí rẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀. Ìwé tó súnmọ́ ìgbà ìbí jù ni ẹ gbára lé.

Ilẹ̀ ni ẹ̀rí tó le jù

Òfin ilẹ̀ 1785 ló pín ọ̀pọ̀ Midwest sí ìgun mẹ́rin mẹ́rin. Township kan jẹ́ máìlì 6 ní òró, máìlì 6 ní ìbú. Ó pín sí section 36. Section kan jẹ́ éékà 640. Ìdá mẹ́rin section jẹ́ éékà 160, ìdá mẹ́rin ìyẹn tún jẹ́ 40. Section 1 wà ní igun àríwá-ìlà-oòrùn. Wọ́n kà á lọ sí ìwọ̀-oòrùn dé 6, 7 wà lábẹ́ 6 gan-an, wọ́n wá ń kà á padà sí ìlà-oòrùn dé 12, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 36 ní igun gúúsù-ìlà-oòrùn. Nítorí náà tí ẹ bá rí "SE¼ NW¼ Sec. 14, T78N R5W", ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa kà á bọ̀: township 78 àríwá (ìlà township 78 sí àríwá láti ìlà ìpìlẹ̀), range 5 ìwọ̀-oòrùn (òpó township 5 sí ìwọ̀-oòrùn láti ìlà ìpìlẹ̀ tó dúró lóòró), section 14, ìdá àríwá-ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, àti nínú ìyẹn, ìdá gúúsù-ìlà-oòrùn. Éékà 40 ni. Ẹni tó bá kà á láti iwájú á lọ dúró sí oko olóko. Ẹ ṣọ́ra fún ìpín Virginia Military District ní Ohio pàápàá. Igi, odò àti òkúta ni wọ́n fi pààlà níbẹ̀.

Ẹ lọ sí ìkànnì General Land Office Records ti Bureau of Land Management, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀. Ẹ yan ìpínlẹ̀, ẹ tẹ orúkọ, ẹ sì ka òfin tí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà. Tí ó bá jẹ́ owó ni wọ́n fi rà á, $1.25 fún éékà kan lẹ́yìn 1820, fáìlì rẹ̀ á tín-ín-rín. Tí ó bá jẹ́ homestead, ẹ ti rí ìṣúra. Òfin 20 Oṣù Karùn-ún 1862 fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tàbí tó jẹ́ olórí ìdílé, tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ti kéde pé òun fẹ́ di ọmọ ìlú, ní éékà 160 bí ó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún tó sì dáko sí i. Owó ìwé gbogbo rẹ̀ jẹ́ $18. Kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìkẹyìn, ó gbọ́dọ̀ kéde nínú ìwé ìròyìn (láti 1879), kó mú ẹlẹ́rìí méjì wá, kó sì sọ ìgbà tó kó dé, iye ọmọ rẹ̀, bí ilé rẹ̀ ṣe tóbi tó, bóyá igi ni tàbí ìṣù yẹ̀pẹ̀ oníkoríko, kànga, ọgbà ẹran, iye éékà tó ti ro. Tí wọ́n bá bí i ní òkèèrè, ẹ̀dà ìwé ọmọ ìlú rẹ̀ á wà nínú fáìlì náà. Ọ̀dọ̀ National Archives, ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington, ni wọ́n wà. Fọ́ọ̀mù NATF 84 la fi ń béèrè.

Àṣìṣe tí mo rò pé ó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí ènìyàn sọ pé ọjọ́ tó wà lórí patent, ìwé tí ìjọba fi sọ ilẹ̀ di ti ẹnìkan, ni ọjọ́ tí atẹ̀dó dé. Patent homestead kì í tètè jáde ṣáájú ọdún márùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìwé ẹ̀bùn ilẹ̀ àwọn sójà: orúkọ méjì ló máa ń wà lórí rẹ̀, ti sójà àti ti ẹni tó ra ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Sójà yẹn lè máà fẹsẹ̀ tẹ Midwest láéláé. Bí orúkọ kò bá sì sí rárá, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò nílẹ̀. Ó lè ti rà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin bíi Illinois Central, ó lè jẹ́ section 16 tí ìpínlẹ̀ tà fún owó ilé ẹ̀kọ́, tàbí kó jẹ́ pé ó rà á lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ti county ni gbogbo ìyẹn wà.

Ìwé ilẹ̀ tí òbí arúgbó kọ fún ọmọ

Ní ọ́fíìsì county, atọ́ka méjì ló wà: ti ẹni tó tà àti ti ẹni tó rà. Ẹ ṣí ti ẹni tó tà, ẹ sì ka gbogbo ìwé tí atẹ̀dó náà fọwọ́ sí lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 55. Bí iye owó bá jẹ́ "$1 àti ìfẹ́", ọmọ tàbí àna ló gbà á. Ìyàwó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú láti fi ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú ilẹ̀ ọkọ sílẹ̀, nítorí náà orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Tí orúkọ ìyàwó bá yí padà láàrin 1868 sí 1874, ẹ ti mọ àárín ọdún tí àkọ́kọ́ kú.

Láàrin àwọn ará Jámánì àti Norway pàápàá, bàbá àti ìyá kì í fi oko sílẹ̀ lásán. Wọ́n á kọ ọ́ fún ọmọ kan, ọmọ náà á sì búra nínú ìwé ohun tí yóò máa fún wọn títí ikú: yàrá nínú ilé tàbí ilé kékeré kan nínú àgbàlá, igi ìdáná tí wọ́n ti là, iye búṣẹ́ẹ̀lì àlìkámà àti ọ̀dùnkún lọ́dún, màlúù kan fún wàrà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹṣin tí wọ́n á máa gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì, dókítà nígbà àìsàn, àti ìsìnkú tó yẹ. Ó tún lè ní kí ó san iye kan fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìwé mìíràn tó jẹ́ ká rí bí àwọn àgbà yìí ṣe ń jẹun tó èyí. Ẹni tó bá rò pé òyìnbó kì í bá òbí rẹ̀ gbé lọ́jọ́ ogbó, kó wá kà á.

Ẹ wá a nínú ìwé ìdógò náà, kì í ṣe nínú ìwé títà nìkan, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ bí ẹni pé ọmọ jẹ òbí ní gbèsè tó sì fi oko dúró. Nígbà tí òbí tó kẹ́yìn bá kú, wọ́n sábà máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé pé gbèsè náà ti parí, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sì máa ń tọ́ka sí ìgbà ikú. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ẹ fi lè máà rí fáìlì ogún kankan ní kóòtù fún baba tó ní oko ńlá: ó ti pín in tán kó tó kú.

Owó ìfẹ̀yìntì Ogun Abẹ́lé

Bí ẹni náà, ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ bá ja ogun 1861 sí 1865 ní apá ìjọba àpapọ̀, fáìlì yìí lè lé ní ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Fọ́ọ̀mù NATF 85 ni. Òfin 27 Oṣù Kẹfà 1890 fún sójà tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lówó, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ogun ló fa àìlera rẹ̀. Òfin 6 Oṣù Kejì 1907 sì sọ ọjọ́ orí nìkan di ìdí, láti ọdún 62. Ní 1898 àti 1915, ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn sójà: ta ni ìyàwó rẹ, níbo àti lọ́jọ́ wo lẹ ṣègbéyàwó, ta ló so yín pọ̀, ìwọ ti níyàwó tẹ́lẹ̀ rí, dárúkọ ọmọ rẹ àti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ojú ewé kan ṣoṣo yìí lè parí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù. Opó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ìgbéyàwó hàn, nígbà mìíràn wọ́n ya ewé láti inú Bíbélì ìdílé fi sínú fáìlì.

Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé ìyá tàbí baba tó gbára lé ọmọ tó kú lójú ogun lè béèrè owó yìí. Ẹ wo orúkọ àwọn ọmọkùnrin tí kò padà wálé. Nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, aládùúgbò á jẹ́rìí sí bí arúgbó náà ṣe tálákà tó, iye màlúù tó ní, àìsàn tó ń ṣe é.

Fáìlì ogún ní kóòtù

Ìwé ìpíngún nìkan kò tó. Ẹ̀bẹ̀ tó ṣí ẹjọ́ náà ló ní orúkọ, ọjọ́ orí àti ibùgbé gbogbo ajogún. Àkójọ ẹrù ló sọ ohun tó wà nílé. Ìwé gbàǹjo ló sọ ẹni tó ra ohun kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ilé ló sì máa ń pọ̀ nínú wọn. Ọmọ tí wọ́n fi dọ́là kan sílẹ̀ fún kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bínú sí dandan. Ó lè ti gba ilẹ̀ tirẹ̀ ṣáájú. Bákan náà, tí kóòtù bá yan alágbàtọ́ fún ọmọdé, baba rẹ̀ lè ṣì wà láàyè: ó lè jẹ́ pé láti ìdílé ìyá rẹ̀ tó ti kú ni ogún náà ti wá.

Ìkànnì ìtàn ìdílé FamilySearch ní ohun èlò kan tó ń jẹ́ Full-Text Search, tó ń ka ìwé ilẹ̀ àti ìwé ogún tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi àmì àyọlò yí orúkọ náà ká, ẹ yan ìpínlẹ̀ àti county. Ó máa ń gbé orúkọ jáde níbi tí ẹni náà ti jẹ́ ẹlẹ́rìí tàbí aládùúgbò lásán, èyí tí atọ́ka àtijọ́ kò lè ṣe.

Ìwé ìtàn county àti ẹgbẹ́ àwọn tó tètè dé

Láàrin 1870 sí 1915, àwọn iléeṣẹ́ kan ń tẹ ìtàn county kọ̀ọ̀kan, tí ìtàn ayé àwọn àgbà wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí wọn lórí ìkànnì ìwé Internet Archive àti HathiTrust. Ẹni tó bá ra ìwé ló sábà máa ń wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ sì ni. Ọdún tó dé àti township rẹ̀ máa ń tọ̀nà. Ìtàn pé baba ńlá rẹ̀ bá George Washington jẹun, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Old Settlers ti county kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìpàdé ọdọọdún, wọ́n sì ní ìwé orúkọ tó sọ ibi ìbí àti ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dé. Ẹ wá a ní ẹgbẹ́ ìtàn county tàbí nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí ìpàdé náà wáyé.

Ẹ fi òfin yẹ ohun tí wọ́n sọ wò. Ilẹ̀ náà kò ṣófo: àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ bíi Sauk, Meskwaki, Ho-Chunk, Potawatomi àti Dakota ló ń gbé e. Ìlà-oòrùn Iowa kò ṣí fún atẹ̀dó títí di 1 Oṣù Kẹfà 1833, lẹ́yìn ogun Black Hawk, tí wọ́n fi orúkọ olórí jagunjagun Sauk kan pè. Ẹni tí ìtàn bá sọ pé ó ti ń dáko níbẹ̀ ní 1829, ó ṣeé ṣe kí ọdún náà má tọ̀nà. Ibẹ̀ kan náà wà lábẹ́ Michigan Territory ní 1834, Wisconsin Territory ní 1836, Iowa Territory ní 1838, kó tó di ìpínlẹ̀ ní 1846. Nítorí náà àbúrò méjì tí wọ́n bí sínú ilé kan lè ní ibi ìbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó parọ́. Ààlà county náà ń yí; Atlas of Historical County Boundaries ti Newberry Library ní Chicago á fi hàn yín county tí ìwé ọdún náà wà.

Tí ó bá ti òkèèrè wá

Ṣáájú 27 Oṣù Kẹsàn-án 1906, kóòtù èyíkéyìí ló lè sọ ènìyàn di ọmọ ìlú, ìwé náà kò sì sábà ju orúkọ ọba tí ó kọ̀ sílẹ̀ lọ. Ìyàwó àti ọmọ kékeré gbà á lára baálé, wọn kò ní ìwé tiwọn. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran tàbí Kátólíìkì ni ó sábà ń sọ abúlé. Fún ará Norway, Digitalarkivet, ìkànnì ìwé àtijọ́ Norway, jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé orúkọ baba àti orúkọ oko ni wọ́n ń jẹ́: ọmọ baba kan náà lè di Olsen ní Wisconsin, kí àbúrò rẹ̀ máa jẹ́ orúkọ oko ní Minnesota.

Àwọn atẹ̀dó aláwọ̀ dúdú

Wọ́n wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Free Frank McWorter, tó ra ara rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú ẹbí rẹ̀ kúrò lóko ẹrú, ló dá New Philadelphia sílẹ̀ ní Pike County, Illinois, ní 1836. Àwọn tó ti Kentucky wá ló sì tẹ Nicodemus dó ní Kansas ní 1877. Ẹni tó ti lómìnira wà ní 1850 àti 1860 pẹ̀lú orúkọ. Ẹni tó ṣì jẹ́ ẹrú, 1870 ni ìwé ìkànìyàn kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Ìwé ẹrú ti 1850 àti 1860 kọ orúkọ olówó rẹ̀, ọjọ́ orí ẹrú, àwọ̀ rẹ̀ àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọn kì í sábà kọ orúkọ ẹrú. Indiana fipá mú wọn forúkọ sílẹ̀ ní county láti 1853, àwọn ìwé náà sì ní ibi ìbí àti àpèjúwe ara. Fáìlì owó ìfẹ̀yìntì sójà aláwọ̀ dúdú ló dára jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dárúkọ olówó tẹ́lẹ̀ rí, oko tó wà, àti àwọn tí wọ́n jọ dàgbà. Ẹ má retí pé ìwé Midwest á dárúkọ Yorùbá. Bí àyẹ̀wò DNA bá tọ́ka sí apá Nàìjíríà àti Benin, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀, kó má dà pọ̀ mọ́ ohun tí ìwé sọ.

Tí ẹ bá bá ẹni méjì tó ń jẹ́ John Miller pàdé ní township kan

Ẹ má fi ọjọ́ orí yà wọ́n. Ẹ ya ojú ìwé kan fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ gbogbo ìwé sábẹ́ section tó jẹ́ tirẹ̀, kọ orúkọ ìyàwó, kọ bóyá ó fọwọ́ sí i tàbí ó fi àmì X sí i, kọ àwọn ẹlẹ́rìí àti aládùúgbò. Ẹni tó ń fi X sí i ní 1858 kò ní ṣàdédé máa kọ̀wé gẹrẹgẹ ní 1860. Àwọn aládùúgbò kan náà tún sábà jọ ṣí láti Ohio sí Iowa, láti Iowa sí Nebraska. Bí ẹ bá sọ ẹni yín nù, ẹ tẹ̀lé ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí kóòtù county, ẹ kọ orúkọ náà ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́, ọdún ikú, àti nọ́ńbà fáìlì tí ẹ rí nínú atọ́ka. Ẹ béèrè fún gbogbo ohun tó wà nínú àpò fáìlì náà, ẹ má kọ "will" nìkan, torí ìyẹn nìkan ni wọ́n á fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá dáhùn pé ìwé àtijọ́ kò sí lọ́dọ̀ àwọn, kì í ṣe iná ló jó o dandan. Ní Illinois, ẹ béèrè lọ́wọ́ IRAD, àwọn ibi ìpamọ́ ìwé county tó wà ní àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀. Ní Wisconsin, Area Research Center (ibi ìpamọ́ ìwé) tó ń ṣojú county náà ni kí ẹ kọ̀wé sí.